Mo Sanwó Kí Wọ́n Máa Gbá Bọ́ọ̀lù Mọ́ Mi: Wákàtí Mẹ́jọ Nídìí Ẹ̀kọ́ Búlọ́ọ̀kù

Nígbà tí mo sọ fún Màámi lórí fóònù pé mò ń lọ kọ́ búlọ́ọ̀kù ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ta ilẹ̀ fún mi. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣàlàyé tán pé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé ni mò ń wí. Ti tẹ́bù tẹ́nìsì ni, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń fi báàtì dá bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá mọ́ ọn padà láìjẹ́ pé òun náà gbá a. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o wá ń sanwó kí ẹlòmíì máa gbá nǹkan mọ́ ẹ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣàánú mi.

Ohun tí mo rà rèé: ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́jọ lọ́dọ̀ kóòṣì kan tó ń lo gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè, búlọ́ọ̀kù nìkan, kò sí sáàfù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sí sìmáàṣì tí wọ́n fi ń là á mọ́lẹ̀. ₦45,000 ni gbogbo rẹ̀ tí èèyàn bá san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń san án ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ₦6,000 ni, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Èmi ni mo ni báàtì mi, òun ló ni bọ́ọ̀lù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí ó bẹ̀ mí pé àwọn tó wà lọ́wọ́ òun báyìí ti tó òun, pé tí mo bá gbé orúkọ òun sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù ò ní jẹ́ kí òun sùn.

Aránṣọ ni mí, ẹni ọdún 46, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gbà. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1990, mo gbá tẹ́bù fún ilé ìwé wa. Orúkọ Bọ́sẹ̀ Kaffo, tó ń gbá tẹ́bù fún Nàìjíríà, ló wà lẹ́nu gbogbo àwa ọmọbìnrin nígbà náà. Bọ́ọ̀lù ìgbà yẹn jẹ́ mìlímítà 38, géèmù kan sì jẹ́ póíǹtì 21. Lẹ́yìn ìyẹn mo wọṣẹ́ ìránṣọ, mo gbàgbé báàtì. Ìgbà tí mo máa padà dé ìdí tábìlì ní ọdún méjì sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù ti di mìlímítà 40 láti ọdún 2000, géèmù ti di 11 láti 2001, wọ́n sì tún ti ń fi ike rọ́pò sẹ́lúlọ́ìdì tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ láti 2014. Ó rí lára mi bí ẹni tó sùn tó jí bá a pé wọ́n ti pààrọ̀ owó. Nínú géèmù 21, èèyàn lè fi póíǹtì márùn-ún ṣe sààráà kó sì tún rí i gbà padà. Nínú 11, tó o bá ṣe sààráà márùn-ún, ilé lò ń lọ yẹn.

Tábìlì ẹ̀sítéètì wa wà lábẹ́ òrùlé páànù tí a ń gbé mọ́tò sí. Àárọ̀ Sátidé la máa ń gbá. Alága wa, bàbá ẹni ọdún 63, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe: lúùpù. Wọ́n á tẹ eékún, wọ́n á fa apá láti ìsàlẹ̀ wá sókè, wọ́n á ha ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, bọ́ọ̀lù á máa yí bọ̀ bí òkòtó. Ẹni tó bá ní òun máa gbá a padà, páànù òrùlé ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ kàn. Ọdún méjì ni mo fi jẹ ìyà yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sanwó.

Kóòṣì náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. "Àǹtí" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá ti mú báàtì dání, ẹnu rẹ̀ kì í rọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ pé búlọ́ọ̀kù lòun fẹ́. Ó nawọ́ sí àwọn ọmọkùnrin tó wà lórí tábìlì kejì, tí wọ́n ń ju apá bí ẹni ń ṣán oko. Ó ní gbogbo wọn ló fẹ́ ní fóháàndì, ìyẹn gbígbá pẹ̀lú iwájú ọwọ́, bíi ti Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ tó na Timo Boll ará Jámánì ní Òlíńpíìkì Rio ní 2016. Ó ní kò burú. Ó ní, "Àmọ́ Àǹtí, tí gbogbo wọn bá ń gbá a, ta ni wọ́n fẹ́ kó dá a padà fún wọn?"

Bákáàndì, ìyẹn ti ẹ̀yìn ọwọ́, la fi bẹ̀rẹ̀. Ó kó bọ́ọ̀lù bí ọgọ́rùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀, ó dúró ní òdìkejì tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lúùpù mọ́ mi. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lọ kan fáànù àjà. Èkejì lọ bá a níbẹ̀. Ẹ̀kẹta gba orí kóòṣì fúnra rẹ̀ kọjá. Ó ní kí n wo báàtì ọwọ́ mi. Mo wò ó, ojú rẹ̀ ń wo òkè bí àwo tó ń retí ọbẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù tó bá ń yí síwájú, bó bá ti fara kan rọ́bà báyìí, òkè ló máa ń gùn, àfi kí báàtì tẹríba fún un díẹ̀. Bí ó bá ṣe ń yí tó ni báàtì ṣe máa tẹríba tó. Ó tún ní kí n má dúró kó ga kí n tó pàdé rẹ̀, pé bó bá ti ta lórí tábìlì, tó ń gbéra báyìí, ibẹ̀ ni kí n ti mú un.

Méjèèjì yẹn yé mi. Ẹ̀kẹta ni kò wọlé: pé kí n má gbá a. Ọwọ́ mi ò gbọ́. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ọwọ́ mi ń lọ pàdé rẹ̀ tagbáratagbára. Ó dáwọ́ dúró, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní aránṣọ. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Tẹ́ ẹ bá ń rán ṣífọ́ọ̀nù, ṣé ẹ máa ń fà á ni?" Ẹ̀rín pa mí. Aránṣọ tó bá fa ṣífọ́ọ̀nù lábẹ́ abẹ́rẹ́, kó yáa múra láti ra òmíì fún oníbàárà, torí ojú rírán á súnkì jọ bí ojú arúgbó. Ńṣe lèèyàn máa gbé ọwọ́ lé e fẹ́rẹ́, á máa darí rẹ̀, á jẹ́ kí eyín mashíìnì fúnra rẹ̀ gbé e lọ. Ó ní búlọ́ọ̀kù náà nìyẹn. Agbára ti wà nínú bọ́ọ̀lù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹlòmíì ti bá mi san owó agbára, ọ̀nà tó máa gbà lọ lásán ni kí n fi hàn án. Mo dẹ ọwọ́ lára báàtì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Kí wákàtí yẹn tó parí, mo dá mọ́kànlá padà léraléra. Mo kà á sókè, àwọn ọmọ tábìlì kejì sì ń wò mí.

Ti fóháàndì kò gùn. Àléébù mi ni pé apá mi máa ń sá lọ sẹ́yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ó gbé àga onírin kan sí ẹ̀yìn mi, bí mo bá ti fa apá, ìgbọ̀nwọ́ mi á kan án. Ó kan án nígbà méje. Ìgbọ̀nwọ́ mi gbọ́n.

Wákàtí kẹta ni mo ti fẹ́ fẹjọ́ kóòṣì sùn. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló fi pẹ́ dé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló mú wá bí àwáwí, èmi náà sì mọ ohun tí ojú ń rí ní Èkó, àmọ́ èmi tí mo ti ṣọ́ọ̀bù kí n lè dé lásìkò ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi kún un lẹ́yìn, nítorí àwọn tó tún fẹ́ lo tábìlì ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi wà lọ́rùn rẹ̀ títí di òní. Tẹ́ ẹ bá máa sanwó ṣáájú lọ́dọ̀ kóòṣì èyíkéyìí, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ pípẹ́ dé kẹ́ ẹ tó ka owó.

Ìwọ̀nba tó kù nínú wákàtí yẹn, ó wúlò. Ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí la kọ́. Fífẹ̀ tábìlì kò ju mítà 1.525 lọ, mo sì máa ń rò pé igun méjèèjì nìkan ló dáa láti dá bọ́ọ̀lù sí. Kóòṣì ní kí n wo ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ tí ẹni tí mò ń bá gbá fi mú báàtì. Bọ́ọ̀lù tó bá lọ bá a níbẹ̀, kò ní mọ̀ bóyá fóháàndì lòun máa lò ni àbí bákáàndì, kó tó pinnu, ara rẹ̀ á ti lọ́ pọ̀ bí aṣọ àfọ̀fúntán. Ó gbé bẹ́líìtì rẹ̀ lé orí tábìlì níbi tó bá ìgbọ̀nwọ́ òun mu, ó ní kí n máa dá gbogbo bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Nínú ogún, mẹ́jọ ló bà á.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti búlọ́ọ̀kù tó kú, torí òun gan-an ni mo rò pé mo fi owó mi rà. Gígùn tábìlì jẹ́ mítà 2.74. Ẹni tó ń lúùpù kì í dúró mọ́ tábìlì, ẹ̀yìn ló máa ń sún sí kó lè ráyè fa apá. Tí o bá dá bọ́ọ̀lù padà fún un pẹ̀lú agbára, o ti ṣe é lóore, ó tún máa fa òmíì. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù náà bá bọ́ sílẹ̀ nídìí nẹ́ẹ̀tì báyìí, tó tún fẹ́ bọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó tó kúrò lórí tábìlì, àfi kó sáré. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá tí bọ́ọ̀lù bá kan rọ́bà gan-an, o máa fa báàtì sẹ́yìn díẹ̀, díẹ̀ tí ẹni tó ń wòran kò ní rí i. Tó o bá fà á yá jù, bọ́ọ̀lù á kú sọ́wọ́ rẹ. Tó o bá fà á pẹ́ jù, ó ti lọ. Ohun tó bá a dọ́gba nínú iṣẹ́ mi ni bí mo ṣe máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kí abẹ́rẹ́ tó dé igun kọ́là. Kò sẹ́ni tó lè fẹnu kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan.

Wákàtí kan àtààbọ̀ la lò lórí ìyẹn nìkan, mo sì ba bọ́ọ̀lù jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ó fẹ́ sú mi, kóòṣì gbé fóònù jáde, ó fi Jan-Ove Waldner hàn mí, ará Sweden tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Barcelona ní 1992. Àwọn tó dojú kọ ọ́ ń là á mọ́ ọn bí ẹni ń pa ejò, òun dúró nídìí tábìlì, báàtì rẹ̀ ò sún ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ, bọ́ọ̀lù sì ń padà lọ síbi tí kò sẹ́nì kankan. Mo wo fídíò yẹn nílé nígbà mẹ́fà. Ọmọ iṣẹ́ mi kan bi mí pé ṣé fíìmù tuntun ni.

Òdìkejì rẹ̀ ni kóòṣì fi lé e: búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tì. Bí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ kò bá yí púpọ̀, tó rọra ń bọ̀, o kò ní fà sẹ́yìn, apá ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ lo máa fi ti báàtì síwájú tààrà bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Dídún rẹ̀ wù mí. Ó wù mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún gbogbo bọ́ọ̀lù, èyí tó yí àti èyí tí kò yí, ìlàjì wọn sì ń jáde. Kóòṣì ní, "Àǹtí, ẹ ti padà sídìí gbígbá yín." Òótọ́ ni.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ṣọ́ọ̀pù. Báàtì á gé bọ́ọ̀lù láti òkè wá sísàlẹ̀ bó ṣe ń pàdé rẹ̀. Mo ti rò pé ńṣe là ń dá yíyí rẹ̀ dúró. Kóòṣì ní rárá, ńṣe là ń bá a lọ. Bọ́ọ̀lù ń yí síwájú nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, bó bá padà láìjẹ́ pé yíyí náà dúró, lójú ẹni tó gbá a, ẹ̀yìn ló ń yí sí. Ẹni náà tún máa lúùpù bó ṣe lúùpù tẹ́lẹ̀, inú nẹ́ẹ̀tì ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa wọ̀. Gbèsè rẹ̀ lo dá padà fún un. Mo rí i ṣe bíi ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ó tún fi ti ẹ̀gbẹ́ kún un, níbi tí báàtì ti ń nu ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù kó lè yà kúrò lọ́nà, àmọ́ èyí ò tíì wọ ara mi, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé mo mọ̀ ọ́n.

Níbẹ̀ ló ti gbé báàtì mìíràn fún mi, tí rọ́bà ojú rẹ̀ kan dà bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, kókó gígùn-gígùn yọ lára rẹ̀. Onípímpù ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà yìí kì í di bọ́ọ̀lù mú, nítorí náà ó ń ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀pù yẹn fún èèyàn láìgé ohunkóhun. Ó ní òun ni Ni Xialian fi ń gbá, obìnrin tí wọ́n bí ní China ní 1963, tó ń gbá fún Luxembourg, tó sì borí nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024 lẹ́ni ọdún 61. Èmi tí mo jẹ́ 46, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fi báàtì náà gbá fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì ń ṣe kóòṣì fúnra rẹ̀ ní kàyéfì nígbà míì. Mo dá a padà fún un. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ọwọ́ rán kí wọ́n tó fọwọ́ kan mashíìnì, mi ò wá lè jẹ́ kí rọ́bà bá mi mọ ohun tí ọwọ́ mi ò mọ̀.

Gbọ̀ngàn náà ní ẹ̀rọ kan tó ń ju bọ́ọ̀lù, ₦2,000 ni ìdajì wákàtí, kò sí lára owó kóòṣì. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan, a yí i sí ogójì bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú kan. Fún búlọ́ọ̀kù tó kú, ó dáa, torí bọ́ọ̀lù kan náà ló ń bọ̀ síbi kan náà, ọwọ́ a sì lè máa tún un ṣe títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ejìká. Èyí tó ṣòro jù nínú búlọ́ọ̀kù ni kíka ara ẹni tó fẹ́ gbá a: bó ṣe tẹ eékún, bí báàtì rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó, bóyá ó ha bọ́ọ̀lù ni àbí ó lù ú. Ihò kan ṣoṣo ló wà lójú ẹ̀rọ, kò sì sí ohun tí èèyàn fẹ́ kà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan tó ti sán tún há sí i lọ́fun, a fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ yọ ọ́, wọn ò sì dín kọ́bọ̀ kan. Mi ò tún sanwó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀sùn mi lórí gbọ̀ngàn pọ̀ ju èyí lọ. Táìlì ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, mo sì rí ọmọkùnrin kan tó ṣubú. Wọ́n máa ń pa fáànù torí bọ́ọ̀lù tí kò ju gíráàmù 2.7 lọ, afẹ́fẹ́ lásán lè gbé e, ìyẹn yé mi, ṣùgbọ́n wọn ò sì ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. Ooru ibẹ̀ tó èyí tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ẹ mú aṣọ ìnura méjì lọ. Bí iná bá lọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ni jẹnẹrétọ̀ fi ń dáhùn, ẹ ò sì gbọdọ̀ retí kí ẹnikẹ́ni fi kún àsìkò yín. Gílóòbù tó wà lórí tábìlì kẹta ń ṣẹ́jú. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní tábìlì kìíní.

Bóyá ó tó ₦45,000? Fún èmi, ó tó, kódà pẹ̀lú gbèsè ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí kò bá tíì lè gbá bọ́ọ̀lù síwá-sẹ́yìn ní ogún ìgbà, kó má tíì lọ, owó rẹ̀ á ṣòfò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí apá rẹ̀ ń yá nílẹ̀ náà, kó kọ́kọ́ lọ fa apá rẹ̀ kó rẹ̀ ẹ́.

Sátidé tó tẹ̀lé wákàtí kẹjọ, mo bá Alága gbá. Wọ́n tẹ eékún bí ìṣe wọn, wọ́n fa apá, òkòtó wọn gbéra. Mo tẹrí báàtì ba, mo dẹ ọwọ́, mo fà á sẹ́yìn ìwọ̀n irun. Bọ́ọ̀lù bọ́ nídìí nẹ́ẹ̀tì, pọ́ọ̀, ó tún bọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Alága sáré wá, ikùn wọn lọ kan etí tábìlì, tábìlì sì sún. Àwọn tó ń wòran hó. Wọ́n ní àṣìṣe ni, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ní géèmù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbọ̀nwọ́ wọn. Wọ́n ṣì nà mí ní mẹ́ta sí méjì, torí nígbà tí ó di géèmù karùn-ún, ara mi gbóná, mo ní kí n tì í, mo tì í jáde nígbà mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn. 11 sí 8 ni wọ́n fi gbà á.

Lẹ́yìn náà wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí wọ́n gbé mọ́tò wọn sí. Wọ́n ń nu òógùn, ọwọ́ wọn ṣì wà ní ikùn. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Bísọ́lá, ta ló kọ́ ẹ ní nǹkan yìí? Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀." Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ ṣeun Sà, mo máa wá a láàárín àwọn nọ́ńbà inú fóònù mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Mo ṣì ń wá a.